Ta Ló Ń Dífá fún Kọ̀ǹpútà Yìí?

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ dúró lórí Windows 10, ètò ìdarí kọ̀ǹpútà tí wọ́n gbé jáde ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 2015. Kò sí kọ̀ǹpútà tó kú lọ́jọ́ náà. Ní Boundary, níbi tí Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ ti pààlà, àwọn tó ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ bí ìṣe wọn, wọ́n fa jẹnẹrétọ̀, wọ́n tan ẹ̀rọ, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀: sílíìpù NIN níbí, ìwé JAMB lọ́hùn-ún, lẹ́tà ìwáṣẹ́, ìwé ẹrù tí àwọn ajẹ́ńtì fẹ́ gbé lọ sí wọ́ọ̀fù. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ládùúgbò wa, èsì tí ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ ni: "Ó ṣì ń ṣiṣẹ́ jàre."

Òótọ́ ni, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Mi ò ní fojú aláìmọ̀kan wo ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń fi owó ìtẹ̀wé san owó iléèwé ọmọ mọ ohun tí owó ń jẹ́. Àmọ́ "ṣé ó ń ṣiṣẹ́?" kọ́ ni ìbéèrè tí àwọn baba wa fi ń yẹ ohun tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé wò. Wọ́n ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ló mú kí babaláwo máa dífá lọ́rọọrún. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ yìí. Ọjọ́ Ifá máa ń yí padà dé ní ọjọ́ karùn-ún karùn-ún, bí a bá ka ọjọ́ tí a fi bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Lọ́jọ́ náà, babaláwo yóò jí, yóò kí Ifá rẹ̀, yóò sì bèèrè bí ọ̀sẹ̀ tó wọlé yóò ti rí fún òun àti ará ilé òun. Ó lè má sí ẹni tó ń ṣàìsàn. Ó lè má sí ẹni tó ń bá ẹnì kan jà. Ilé lè tòrò. Síbẹ̀ yóò dífá, torí kì í ṣe bóyá ilé ṣì dúró ló ń bèèrè, ohun tó ń bọ̀ wá bá ilé ló fẹ́ mọ̀.

Àwọn tó ṣe Windows náà ní ọrọọrún tiwọn. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2003, ní ọjọ́ Túsìdeè kejì nínú oṣù kọ̀ọ̀kan, Microsoft máa ń kó àtúnṣe ààbò jáde. Láàárín oṣù kan sí èkejì, àwọn onímọ̀ á ti rí ibi tí ìlẹ̀kùn ò ti pa dé dáadáa. Nígbà míì, olè ló máa kọ́kọ́ rí i. Àtúnṣe yẹn ni wọ́n fi ń tì í. Ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń gbà á lè má mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀, àfi pé ẹ̀rọ náà ní kí òun ní sùúrù, pé òun ń tún ara òun ṣe, nígbà tí oníbàárà mẹ́rin wà lórí ìdúró. Ohun tó dópin ní oṣù kẹwàá ọdún 2025 nìyẹn gan-an. Windows 10 ò kú. Ẹni tó ń dífá fún un ló dìde kúrò lórí ẹní.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò rò. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n fi kọ Windows 10 ni wọ́n fi kọ Windows 11. Bí Microsoft bá ti ìlẹ̀kùn kan lára 11 lónìí, àwọn olè tó mọṣẹ́ máa ń tú àtúnṣe náà palẹ̀ láti mọ ìlẹ̀kùn tó tì, wọ́n á sì lọ wò ó bóyá irú rẹ̀ ṣì ṣí sílẹ̀ lára 10. Nítorí náà, ẹ̀rọ tí kò gba àtúnṣe mọ́ kì í dúró sójú kan. Ewu rẹ̀ ń pọ̀ sí i lóṣooṣù, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀ ò ní rí ohun tó yí padà.

Àwọn kan fẹ́ràn láti máa sọ pé Ifá àti kọ̀ǹpútà jọra, torí pé ojú mẹ́jọ ni ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí tàbí kó dé, ohun tó sì ń ti ibẹ̀ jáde jẹ́ odù 256, iye kan náà tí bit mẹ́jọ ń mú jáde nínú kọ̀ǹpútà. Ìṣirò náà pé. Àmọ́ lójú tèmi, òun ló kéré jù nínú ohun tí Ifá lè kọ́ wa lórí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí. Ohun tó níye lórí níbẹ̀ ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wádìí.

Ẹni tó wá ṣàyẹ̀wò kì í ro ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ fún babaláwo. Yóò sọ ọ́ jẹ́jẹ́ sí owó tó mú dání, yóò sì gbé owó náà kalẹ̀. Odù á jáde, babaláwo á sì máa ki ẹsẹ Ifá tó mọ̀ nínú odù náà títí oníbèéèrè yóò fi gbọ́ èyí tó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu. Ìbò ló kàn. Owó ẹyọ tí a so pọ̀ dúró fún bẹ́ẹ̀ ni, egungun dúró fún bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọn kì í da gbogbo ìbéèrè pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ire ni tàbí ibi. Bó bá jẹ́ ibi, èwo nínú àwọn ajogun ló ń bọ̀: ikú ni àbí àrùn, òfò ni àbí ọ̀ràn? Ìgbà tí èyí bá hàn tán ni wọ́n tó ń bèèrè ohun ẹbọ. Ẹni tó bá ń ná ewúrẹ́ lọ́jà kó tó mọ ohun tó ń lé e, owó rẹ̀ ti fẹ́ ṣòfò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó gba Computer Village lọ ní Ìkẹjà, tó ń bèèrè iye tí wọ́n ń ta kọ̀ǹpútà tó ní Windows 11, tí kò tíì bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí èyí tó wà nílé ń ṣe àti ẹni tí yóò sunkún bí ohun inú rẹ̀ bá bọ́ sọ́wọ́ olè.

Ìbò tí èmi máa kọ́kọ́ dì nìyí: ta ló ni ohun tó wà nínú ẹ̀rọ náà? Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ilé tí àwọn ọmọ fi ń wo fíìmù, tí kò sí ọ̀rọ̀ báńkì kankan nínú rẹ̀, òfò tó lè tibẹ̀ wá mọ níwọ̀n. Kọ̀ǹpútà bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kì í ṣe ti ẹni tó rà á nìkan. Yorùbá, Ìgbò, Ìjọ́, Urhobo, Haúsá, gbogbo ẹ̀yà tó kún Ajégúnlẹ̀ ló ń gbé ìwé wọn wá síbẹ̀. Nọ́ńbà NIN wọn wà nínú fódà Downloads. Àwòrán páásípọ́ọ̀tù wọn wà lójú Desktop. Ọmọ tó wá tẹ ìwé JAMB rẹ̀ ti lọ sílé, ímeèlì rẹ̀ ṣì ṣí sílẹ̀ nínú Chrome, pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Flash oríṣiríṣi ń wọlé, wọ́n ń jáde, kò sí ẹni tó mọ ibi tí wọ́n ti ń bọ̀. Òfin Ààbò Ìsọfúnni ti Nàìjíríà, tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023, gbé e lé ẹni tó bá ń tọ́jú ìsọfúnni ọmọnìkejì lọ́wọ́ pé kó dáàbò bò ó. Òfò nìkan kọ́ ló ń bọ̀ níbí. Ọ̀ràn wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹni tó bá ti ń gbọ́ ẹsẹ Ifá láti kékeré mọ ibi tí ìtàn ti ń pín sí méjì. Wọ́n á dárúkọ awo, wọ́n á dárúkọ ẹni tí awo dífá fún, wọ́n á sọ ẹbọ tí wọ́n ní kó rú. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti ń yà: ó rú u ni àbí kò rú u? Mo máa ń rántí ìkóríta yìí bí mo bá rántí ọdún 2017. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún náà, Microsoft gbé àtúnṣe jáde fún ihò kan tó wà lára Windows. Ọ̀fẹ́ ni. Oṣù méjì kọjá. Ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún, kòkòrò tí wọ́n ń pè ní WannaCry gba inú ihò yẹn gan-an wọlé, ó ti fáìlì àwọn èèyàn mọ́ wọn lọ́wọ́, ó sì ní kí wọ́n san 300 dọ́là. Ẹ̀rọ tó kó o ju 200,000 lọ, ní nǹkan bí 150 orílẹ̀-èdè. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó dí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn àjọ tó ń ṣàkóso ilé ìwòsàn ìjọba lọ́wọ́. Wọ́n fojú bù ú pé nǹkan bí 19,000 ìpàdé aláìsàn pẹ̀lú dókítà ni wọ́n fagi lé. Àwọn ọmọ wa wà lára nọ́ọ̀sì àti dókítà tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé ìwòsàn wọ̀nyẹn. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ tó kó o ló jẹ́ Windows 7, èyí tí àtúnṣe ṣì ń jáde fún lásìkò náà. Ẹbọ ti wà nílẹ̀, wọ́n ti dárúkọ rẹ̀, kò sì ná wọn ju pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀rọ tún ara rẹ̀ ṣe.

Mo mọ ohun tó ń mú káwọn èèyàn wa ti ojú ọ̀nà àtúnṣe pa. Dátà ni. MiFi ni wọ́n ń lò, àtúnṣe kan sì lè jẹ owó dátà ọ̀sẹ̀ kan. Ìdí tó nítumọ̀ ni, kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ. Àmọ́ Windows fúnra rẹ̀ ní ètò kan tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kan fa àtúnṣe wọlé, kó sì pín in fún àwọn yòókù tí wọ́n jọ wà lórí nẹ́tíwọ̀kì kan náà, kí ẹ̀rọ márùn-ún má baà jẹ dátà lẹ́ẹ̀márùn-ún. Ẹni tó bá yan alẹ́ kan lẹ́yìn Túsìdeè kejì fún iṣẹ́ yìí, tó fi ẹ̀rọ sílẹ̀ lórí iná, tó lọ sílé, ó ti ṣe ọrọọrún rẹ̀ fún oṣù yẹn.

Ẹ̀kọ́ tó sún mọ́ wa jù wà lẹ́yìnkùlé Boundary níbẹ̀, ní èbúté Àpápá. Láti ọdún 2006, nígbà tí ìjọba gbé iṣẹ́ èbúté lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́, APM Terminals ló ń bójú tó ibùdó kọ̀ńténà tó wà níbẹ̀. Abẹ́ Maersk, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ti ilẹ̀ Denmark, ni APM Terminals wà. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹfà ọdún 2017, kòkòrò tí wọ́n sọ ní NotPetya bẹ́ sílẹ̀ láti Ukraine. Ẹ fetí sí bó ṣe wọlé: inú update ni wọ́n fi í pamọ́ sí. Ètò ìṣirò owó-orí kan wà tí wọ́n ń pè ní M.E.Doc, tí púpọ̀ nínú àwọn oníṣòwò Ukraine ń lò. Àwọn ọ̀tá gba ẹ̀rọ tó ń pín àtúnṣe rẹ̀ kiri, wọ́n sì ti ikú bọ inú rẹ̀. Ó dé ọ́fíìsì Maersk tó wà ní Odessa, láti ibẹ̀ ló sì gba gbogbo ayé kan.

Ìbùdókọ̀ ojú omi 17 nínú 76 tí ilé-iṣẹ́ náà ní ló dákẹ́. Tírélà tò bẹẹrẹ lẹ́nu géètì wọn ní Amẹ́ríkà, kò sí ẹ̀rọ tó lè sọ ohun tó wà nínú kọ̀ńténà kankan. Ará Àpápá ò nílò kí n ṣàlàyé ohun tí ìlà tírélà ń ṣe fún ìgbésí ayé èèyàn. Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n fi tún sáfà 4,000 àti kọ̀ǹpútà 45,000 ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, òfò náà sì wà láàárín 250 sí 300 mílíọ̀nù dọ́là. Àwọn oníròyìn tó tọpasẹ̀ ọ̀rọ̀ náà wá rí i pé àwọn sáfà kan ní Maersk ṣì ń lo Windows 2000, èyí tí àtúnṣe rẹ̀ ti dópin láti ọdún 2010. Wọ́n tún rí i pé lọ́dún 2016, àwọn kan lára àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà níbẹ̀ ti dábàá pé kí wọ́n tún ààbò gbogbo rẹ̀ tò. Àwọn ọ̀gá fọwọ́ sí i, wọ́n tiẹ̀ ya owó sọ́tọ̀ fún un. Iṣẹ́ náà ò sí lára ohun tí wọ́n fi ń ṣírò ẹ̀bùn ọdún wọn, ó sì wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n dárúkọ ẹbọ, wọ́n ra ohun ẹbọ, wọn ò gbé e dé ìdí Èṣù.

Ohun tó gbà wọ́n là yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Nǹkan bí 150 ẹ̀rọ ni wọ́n ní kárí ayé tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ nẹ́tíwọ̀kì wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣe ẹ̀dà ara wọn, wọ́n sì gbà pé bí ọ̀kan bá bàjẹ́, ìyókù á wà. Gbogbo wọn ni NotPetya pa rẹ́, àyàfi ẹyọ kan. Ghana ni ọ̀kan yẹn wà. Iná ti lọ níbẹ̀ kí kòkòrò tó dé, ẹ̀rọ náà ò sí lórí nẹ́tíwọ̀kì. Íntánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ ò lágbára tó láti fi ohun inú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sí ẹni tó ní físà lọ́wọ́ nínú àwọn òṣìṣẹ́ Ghana. Ni ọ̀kan nínú wọn bá wọkọ̀ òfuurufú wá sí Nàìjíríà, ó fi dísìkì náà lé òṣìṣẹ́ Maersk mìíràn lọ́wọ́ ní pápákọ̀ òfuurufú, ìyẹn ló sì gbé e dé Heathrow. Ìrètí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi tó tóbi jù láyé nígbà náà gba ọwọ́ wa kọjá nínú báàgì.

Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, ọgbọ́n méjì ni mo sì rí kó níbẹ̀. Àkọ́kọ́, kì í ṣe gbogbo ohun tó bá pe ara rẹ̀ ní àtúnṣe ni àtúnṣe. M.E.Doc kọ́ wa pé ọ̀nà tí èèyàn fọkàn tán náà lè bàjẹ́, ká má tiẹ̀ sọ ti ọ̀nà tí a mọ̀ pé ó wọ́. Bí a bá gba Windows lọ́wọ́ ẹni tí a ò mọ̀, tó gbé e sínú flash, tó fi "activator" ṣí i torí kò fẹ́ sanwó, tó sì kọ́kọ́ pa ẹ̀ṣọ́ inú ẹ̀rọ (antivirus) kí activator náà tó lè ṣiṣẹ́, ọwọ́ ara wa la fi ṣílẹ̀kùn. Ìkejì ni ti ẹ̀dà. Ẹ̀dà tó wà lórí nẹ́tíwọ̀kì kan náà pẹ̀lú ìyókù á bá wọn lọ. Èyí tí wọ́n yọ, tó wà níbòmíràn, ló máa ń kù. Iná tó lọ ní Ghana kàn ṣe kòńgẹ́ ni, ó sì yẹ kí tiwa jẹ́ àmọ̀ọ́mọ̀ṣe: dísìkì kan tí à ń ti bọ ẹ̀rọ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, tí à ń yọ, tí kì í sun ṣọ́ọ̀bù.

Ká wá bọ́ sórí rírà. Ìtàn kan wà nínú Ogbè Ògúndá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá kọ sílẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí Ifá, ìtàn àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tó ń tìsálọ̀run bọ̀ wáyé. Ọmọ Ògún wà nínú wọn, ọmọ Ìja wà níbẹ̀, ẹnì kẹta ni Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Wọ́n gbọ́dọ̀ yan orí nílé Àjàlá, amọ̀kòkò tó ń mọ orí. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kánjú. Wọ́n rí orí tó tóbi, tó rẹwà, wọ́n gbé e, wọn ò mọ̀ pé kò jiná. Afùwàpẹ́ ti kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ baba rẹ̀, wọ́n dífá fún un, ó rúbọ. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Àjàlá, ó bá a níbi tó ti ń sá fún ẹni tó jẹ ní gbèsè, ó sì bá a san án. Àjàlá mú un wọlé, ó ń fi ọ̀pá irin gbá àwọn orí náà wò títí ó fi rí èyí tó dára. Òjò mú wọn lọ́nà ayé. Orí àwọn méjì bẹ̀rẹ̀ sí í yinrin, ti Afùwàpẹ́ ò yingin.

Àwọn kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí à ń rà, èbúté Àpápá àti Tin Can ni púpọ̀ nínú wọn ń gbà wọlé, àwọn míì sì wà nínú ikùn ọkọ̀ àlòkù. Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti ibùdó Àdéhùn Basel lórí ìdọ̀tí eléwu tó wà ní Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2015 sí 2016 fi hàn pé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ohun èlò oníná àlòkù ló ń gba èbúté Èkó wọlé lọ́dún nígbà náà, apá kan nínú rẹ̀ ni kò sì ṣiṣẹ́ mọ́ kó tó dé. Wọ́n á nu kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, wọ́n á fi ọ̀rá tuntun wé e, á máa dán bí orí ilé Àjàlá. Ọ̀pá irin la fi ń mọ̀ ọ́n. Windows 11, tó jáde ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ọdún 2021, ní ohun tó ń béèrè: RAM tí kò dín ní 4GB, ààyè ìpamọ́ 64GB, Secure Boot, ẹ̀yà ara kékeré kan tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, àti ọpọlọ tó jẹ́ ìran kẹjọ Intel sókè tàbí ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú AMD. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára ọpọlọ náà. i5-6300U jẹ́ ìran kẹfà, orí tí kò jiná fún òjò tó ń bọ̀ ni. i5-8350U jẹ́ ìran kẹjọ. Microsoft ní ètò ọ̀fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní PC Health Check tó máa sọ fún yín láàárín ìṣẹ́jú kan bóyá ẹ̀rọ náà yẹ. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ṣe é lójú yín kí owó tó kúrò lọ́wọ́.

Ẹnjiníà kan lè sọ pé, "Mọ́mì, ẹ má ṣèyọnu, mo lè fi 11 sórí ìran kẹfà yìí fún yín." Lóòótọ́ ni, ọgbọ́n wà tí wọ́n fi ń fo àyẹ̀wò náà. Ṣùgbọ́n Microsoft ti kéde pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ò lẹ́tọ̀ọ́ sí àtúnṣe. Wọ́n lè máa fún un lónìí, wọ́n lè dáwọ́ dúró lọ́la. Ó ti wọ aṣọ 11, kò sì sí ẹni tó ṣèlérí pé òun á máa dífá fún un.

Kí la wá fẹ́ ṣe sí ẹ̀rọ tó ṣì lágbára àmọ́ tí 11 kọ̀? Èmi ò fọwọ́ sí i pé ká jù ú nù, n kò sì gbà pé gbèsè ló kàn. Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà tara ẹni tó ń lo Windows 10 lè gba ọdún kan sí i, títí di ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2026. 30 dọ́là ni wọ́n ń gbà, tàbí kí èèyàn fi àkáǹtì Microsoft wọlé, kó sì gbà kí wọ́n máa tọ́jú ẹ̀dà ètò ẹ̀rọ rẹ̀ sọ́dọ̀ wọn, nígbà náà kò ní san kọ́bọ̀. Ti ilé-iṣẹ́ yàtọ̀: 61 dọ́là lórí ẹ̀rọ kan lọ́dún àkọ́kọ́, á sì di ìlọ́po méjì lọ́dọọdún. Ààyè láti mí ni èyí, kì í ṣe ibùgbé.

Ọ̀nà tó tọ́jọ́ jù fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni Linux. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ máa ń yọra fún un bí wọ́n bá gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wo là ń ṣe gan-an ní ṣọ́ọ̀bù? Pọ́tàlì NIN, ti JAMB, ti WAEC, ti ìfowópamọ́, inú bíráwúsà ni gbogbo wọn wà, Firefox àti Chrome sì ń ṣiṣẹ́ lórí Linux. LibreOffice ń ṣí fáìlì Word, ó ń tẹ̀ ẹ́. Linux Mint 22 àti Ubuntu 24.04, méjèèjì tó jáde lọ́dún 2024, ní ẹni tí yóò máa tún wọn ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ títí di ọdún 2029. Ẹni tó ń fi CorelDRAW tàbí Photoshop ya báńà àti káàdì ìgbéyàwó ni kì í ṣe tirẹ̀. Ìyẹn nílò Windows tó pé, òun ni kó fi owó rẹ̀ ra ẹ̀rọ ìran kẹjọ. Kí ẹ sì má ṣe dúró títí bíráwúsà yóò fi lé yín. Ní oṣù kejì ọdún 2023, Chrome fi Windows 7 sílẹ̀, àtúnṣe rẹ̀ ò sì dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣì ń lò ó mọ́.

Ẹ̀rọ kan ṣoṣo wà tí mo lè ní kí ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà: èyí tó so mọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ tí kò bá Windows tuntun sọ̀rọ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì pátápátá. Ẹ má ti flash oníbàárà bọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí flash kọ́kọ́ gba ara ẹ̀rọ tó ní ẹ̀ṣọ́ kọjá, kí ẹ fi flash ṣọ́ọ̀bù gbé fáìlì náà lọ. Ó lè tẹ̀wé fún yín fún ọdún mẹ́ta sí i.

Èyí tí ẹ bá fẹ́ tà fún àwọn tó ń ra àlòkù, ohun kan ló kù. Ní ọdún 2009, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìròyìn láti Canada ra dísìkì àlòkù kan ní Tema, ní Ghana, ní nǹkan bí 40 dọ́là, fún ètò tẹlifíṣọ̀n Frontline ti Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n tú u wò, wọ́n bá ìwé ilé-iṣẹ́ Northrop Grumman nínú rẹ̀, èyí tó jẹ mọ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún ìjọba Amẹ́ríkà. Bó bá lè rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe ohun ìjà ogun, ti ṣọ́ọ̀bù wa ń kọ́? Fífọ́máàtì lásán kì í pa ohun inú dísìkì rẹ́ tán. Ẹ ní kí ẹnjiníà yọ dísìkì náà lójú yín. Bí ẹ ò bá lò ó mọ́, kó lù ú fọ́. Bí ẹ óò lò ó fún ẹ̀dà, kó kọ́kọ́ nu gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí olùrà gbé ìyókù lọ láìsí i. Owó tí yóò yọ kúrò lórí rẹ̀ ò pọ̀, NIN gbogbo àdúgbò ò sì ní bá a lọ.